Ìgbakọ mẹ́ta àti ìkòkò ẹ̀kọ kan: bí a ṣe tún ìwọ̀n oúnjẹ ọmọ ṣe ní jẹ́lé-ó-sinmi wa

Iṣẹ́ tí a gbé dání nìyí: kí oúnjẹ tó ń ti ilé ìdáná wa jáde bá ikùn ọmọ tó máa jẹ ẹ́ mu. Jẹ́lé-ó-sinmi kékeré ni tiwa, ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méje, àwọn àgbà inú wọn ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́fà, àmọ́ ìkòkò kan náà, ṣíbí kan náà àti abọ́ kan náà la fi ń bọ́ gbogbo wọn. Ọmọ ọdún kan á gba abọ́ tó kún dẹ́nu, á mu ìdajì, ebi á sì ti máa pa á kí aago mẹ́wàá tó lù. Ọlọ́dún márùn-ún á gba ìrẹsì tí òróró ń dán lára rẹ̀, á fọ abọ́ mọ́ tónítóní, á tún nawọ́ sí pọ́fùpọ́fù tí ìyá rẹ̀ dì fún un láti ilé.

Èmi ni mò ń mójú tó ilé ìdáná. Màmá tó ń se oúnjẹ ti jẹ́ alásè fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba nígbà kan. Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé-ìwé lọ́dún 2006, kí wọ́n tó tún un ṣe tí wọ́n sì pè é ní O'Meals ní 2012. Ọwọ́ Màmá ti mọ́ ìkòkò ńlá, ojú rẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé kí ni mo fẹ́ fi síkéèlì ṣe nílé ìdáná, ṣé wúrà ni à ń tà ni.

Wíwọn ohun tó wà nílẹ̀

Síkéèlì tó ń lo bátìrì, irú èyí tí àwọn oníkéèkì ń lò, ni mo rà. Mo gbé abọ́ òfìfo lé e, mo dá a padà sí òdo, mo ní kí Màmá bu oúnjẹ bó ṣe máa ń bù ú. Abọ́ méjì kò dọ́gba rárá. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n kí dáadáa láàárọ̀ ló máa ń gba èyí tó pọ̀ jù, ohun tí síkéèlì fi hàn nìyẹn, Màmá náà sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ti ìrẹsì kò le. Ẹ̀kọ ló ní ọ̀rọ̀ nínú. Mo mú 100 gíráàmù ògì tútù nínú èyí tí à ń rà, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí ọ̀rá, mo sá a títí ó fi gbẹ kanrin. Gíráàmù 45 ló kù. Omi ni gbogbo ìyókù. Nínú ife ẹ̀kọ kan, ìyẹn 250 mílílítà, nǹkan bíi 50 gíráàmù ògì tútù la máa ń pò sí i. Èyí já sí pé ohun gbígbẹ tó wà nínú ife náà kò ju gíráàmù 22 tàbí 23 lọ. Gíráàmù àgbàdo gbígbẹ kan ní kálórì tó tó 3.7. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ife tó kún yẹn kò ju nǹkan bíi kálórì 83 lọ, gíráàmù ẹ̀kọ kan kò sì ju 0.33 lọ.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ọmọ nílò. Nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, yàtọ̀ sí ohun tó ń rí nínú ọmú, ọmọ oṣù 6 sí 8 nílò nǹkan bíi kálórì 200 lójúmọ́ láti inú oúnjẹ. Ọmọ oṣù 9 sí 11 nílò 300. Ọmọ oṣù 12 sí 23 nílò 550. Ikùn wọn sì kéré. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń lò ni pé ikùn ọmọ lè gba bíi 30 gíráàmù oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ọmọ kílò mẹ́sàn-án kò lè gbà ju 270 lọ ní ìjókòó kan. Kí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tó rí 550 nínú irú ẹ̀kọ tí à ń ṣe, yóò mu ife mẹ́fà kọjá. Ta ló máa mu ún? Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí gbogbo ilé ń sọ pé ó ń jẹun dáadáa fi lè máa rù lójú wọn. Ó ń jẹ lóòótọ́; omi ló ń jẹ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè wa ti yí padà. A ò bèèrè bóyá abọ́ kún mọ́. Kí ló wà nínú ṣíbí kan, ìyẹn là ń bèèrè.

Ìgbakọ

Mẹ́ta la ní kí wọ́n bá wa ṣe. Ìlànà tí a tẹ̀ lé ni pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́fà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí méjì sí mẹ́ta, á máa lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ìdajì ife 250 mílílítà. Bó bá pé ọdún kan, a ó gbé e lọ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife náà tàbí kó kún. Torí náà, ìgbakọ àwọn ọmọ ọwọ́ gba 125 mílílítà, ti àwọn tó ti ń rìn gba 190. Ti àwọn àgbà, àwọn ọlọ́dún mẹ́ta sókè, ló kéré jù: 100 péré. Màmá rò pé mo ṣì í gbọ́ ni. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Ọba ló ṣe é. Alumí tí wọ́n yọ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ lò, torí ó rọrùn láti rọ, kò sì wọ́n. A ò gbà. Alumí tí wọ́n yọ́ láti inú àlòkù ẹ́ńjìnnì àti pàǹtí irin lè ní òjé nínú, oúnjẹ kíkan sì máa ń fà á jáde. Oúnjẹ kíkan ni ògì. Òjé kò sì ní ìwọ̀n kékeré tí a lè sọ pé kò ṣe ọpọlọ ọmọdé ní nǹkan. Ife onírin tí kì í dípẹtà la rà lọ fún un, ó sì gé e sí ìwọ̀n.

Bí a ṣe rí ojú ìwọ̀n rọrùn gan-an: mílílítà omi kan, gíráàmù kan ni. A gbé ife sórí síkéèlì, a dá a sí òdo, a da omi sí i títí ó fi dé 125, a fi ìṣó fa ìlà yípo ibi tí omi dé. Orí ìlà yẹn gan-an ni ọ̀gá gé e sí, kò fi àyè sílẹ̀ lókè, kí etí ìgbakọ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ òdiwọ̀n. Bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀, ọwọ́ alásè á kún un. Ó fi fáìlì ha etí rẹ̀ kó má baà gé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ rẹ̀ ló fa wàhálà díẹ̀. A ò fẹ́ kó fi sọ́dà, irin yíyọ́ tí wọ́n fi ń lẹ irin mọ́ra, jó o mọ́ ọn, torí ọ̀pọ̀ sọ́dà ní òjé nínú. Ó wá lu ihò méjì sí ẹ̀gbẹ́ ife, ó fi ìṣó pẹlẹbẹ kan ọwọ́ mọ́ ọn, ẹ̀kọ sì ń jò níbẹ̀. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé nígbà tó gé ife kejì, ó fi ahọ́n irin kan sílẹ̀ tó yọ sókè kọjá etí, orí ahọ́n yẹn ló kan ọwọ́ mọ́. Ihò kankan kò sí níbi tí oúnjẹ ń dé mọ́, kò sì sí kọ̀rọ̀ tí ẹ̀kọ àná lè sá pamọ́ sí. A we téèpù sí ìdí ọwọ́ wọn: pupa fún ọmọ ọwọ́, ewéko fún àwọn tó ń rìn, búlúù fún àwọn àgbà.

Ẹ̀kọ tó ki, tó sì ń ṣàn

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni ni pé kí á kàn fi ògì kún un. A fi kún un. Nígbà tí ògì tútù inú ife kan fi ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, Màmá fi ọmọ orógùn kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ̀kọ dídì lẹ fẹ́ ṣe, ewé ló kù tí ẹ ò tíì rà." Òótọ́ ló sọ. Ọmọ ọwọ́ kò lè gbé irú rẹ̀ mì. Àwọn Àǹtí kíláàsì kékeré gbìyànjú láti fún wọn, àwọn ọmọ ń yí orí kúrò, kò sì pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn Àǹtí náà fi tẹ́ ọmọ sórí itan tó fẹ́ rọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ lágbo. Mo dá a dúró. Ọmọ tí wọ́n ń rọ lè fa oúnjẹ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tó yí orí kúrò ti fèsì, ó sì yẹ kí á gbọ́.

Màmá ló mú ọ̀nà àbáyọ wá, láìmọ̀ pé òun ń mú un wá. Ó ń sọ ìtàn ìyá rẹ̀ tó máa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, pé bí wọ́n bá da ìyẹ̀fun àgbàdo tó ti hù sínú èyí tó ki, kì í pẹ́ tó fi máa ń di omi. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti lo ọgbọ́n kan náà fún oúnjẹ ọmọdé láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí àgbàdo bá ń hù, ó máa ń pèsè èròjà kan tí wọ́n ń pè ní amylase, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti já okùn sítáàṣì sí wẹ́wẹ́ kí ọ̀dọ̀mọdé irúgbìn lè rí i jẹ. Okùn gígùn yẹn ló ń mú omi dání tí ẹ̀kọ fi ń ki. Bó bá ti já, ẹ̀kọ á ṣàn, àmọ́ kálórì inú rẹ̀ kò lọ síbì kan. Ẹ̀kọ tó ki nìyẹn, tó ń ṣe bí èyí tó ṣàn.

Bí a ṣe ń ṣe ìyẹ̀fun náà: a ó ṣa àgbàdo tó dára, a ó fọ̀ ọ́, a ó rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, a ó dà á sínú agbọ̀n, a ó fi aṣọ mímọ́ tó tutù bò ó, a ó sì máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ẹ̀hù bá ti gùn tó hóró àgbàdo fúnra rẹ̀, a ó sá a. Nígbà tó bá gbẹ dáadáa, a ó fi ọwọ́ pa á kí ẹ̀hù àti irun gbòǹgbò lè já kúrò, a ó fẹ́ ẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì jọ̀ ọ́. Hóró tó bá yọ olú nínú rẹ̀, ẹ kó o dànù, ẹ má fọ̀ ọ́ lọ̀. Májèlé inú olú kì í jáde pẹ̀lú omi, iná kì í sì í pa á. Àwọn kan bi mí léèrè ọkà bàbà, torí ó máa ń ṣiṣẹ́ ju àgbàdo lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀hù àti gbòǹgbò ọkà bàbà tó hù ní ohun tó lè di sáyánáìdì nínú, irú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kúrò pátápátá. Fún ọmọ ọwọ́, àgbàdo ni mo fara mọ́.

Ìgbà tí a máa dà á sí i ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ̀kọ bá ń hó, ooru á pa amylase kó tó ṣe nǹkan kan. Bó bá ti tutù jù, iṣẹ́ rẹ̀ á falẹ̀. Láàárín 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dára jù fún un. A ra tẹmómítà ilé ìdáná. Kó tó dé, Màmá ń fi ojú díwọ̀n rẹ̀ nígbà tí híhó bá ti dáwọ́ dúró tí èéfín ṣì ń rú, ibi tó sì ń bọ́ sí kò jìnnà. Ìyẹ̀fun ṣíbí tíì kan tí kò kún ló tó fún ife kan. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dé e, ẹ wò ó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀kọ tó dúró bí òkúta á tú jẹ̀ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà sórí iná kó hó, torí kòkòrò tó lè wà nínú ìyẹ̀fun tí a sá síta, àti kí amylase má baà máa ṣiṣẹ́ lọ títí.

Ohun kan tí a ò retí: ó dùn. Nígbà tí sítáàṣì bá já, ṣúgà díẹ̀ máa ń jáde nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Agolo ṣúgà kúrò lórí pẹpẹ wa láìjà láìta, ó sì bá ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tún tẹnu mọ́ ní 2023 mu, pé kí á má máa fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní oúnjẹ oníṣúgà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò ife tuntun. Ògì tútù 110 gíráàmù, ohun gbígbẹ inú rẹ̀ tó 50, ìyẹn bíi kálórì 185. A fi ṣíbí ìjẹun kan ẹ̀pà yíyan tí a lọ̀ kúnná sí i, bíi 85. Ṣíbí tíì kan epo pupa, bíi 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 310 nínú ife kan, gíráàmù kan sì ju kálórì kan lọ díẹ̀. Ìlànà tí mo mẹ́nu bà ní pé bí gíráàmù oúnjẹ kan bá tó 0.8, ìjẹun mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́ á tó ọmọ oṣù 9 sí 23. A ti kọjá ibẹ̀. Ìgbakọ ewéko kan, ti àwọn tó ń rìn, ń gbé nǹkan bíi 235 lọ sẹ́nu ọmọ, nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ ń gbé 63.

Ẹ̀pà ní òfin tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Odindi hóró kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ kékeré, torí ó lè há a lọ́fun. Èyí tó bá bu, tó korò tàbí tó yí àwọ̀ padà, ààtàn ló ń lọ. Ọmọ tí kò jẹ ẹ́ rí, ilé rẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò díẹ̀, níṣojú ìyá rẹ̀, torí àwọn kan wà tí ara wọn kò gbà á. Edé lílọ̀ àti ẹja gbígbẹ là ń lò lọ́jọ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀pà, nítorí ẹ̀kọ nìkan kò ní irin tó tó fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ, bó ti wù kó ki tó.

Àwọn àgbà

Ti àwọn ọlọ́dún mẹ́ta sí márùn-ún, òdì kejì ni. Àwọn wọ̀nyí lè jẹun, wọ́n sì ń rí i jẹ. Ọmọ ọdún márùn-ún nílò nǹkan bíi kálórì 1,300 sí 1,450 lójúmọ́, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wa nìkan sì ń gbé ìdá tó tóbi nínú rẹ̀.

Ìkòkò àtijọ́ rèé: ìrẹsì kílò kan, kálórì 3,600, òróró 300 mílílítà, bíi 2,500, ata, tòmátì àti àlùbọ́sà, 250. Nígbà tó jinná tí a gbé e wọ̀n, ó tó kílò 3.8. Gíráàmù kan jẹ́ 1.7. Nínú ìkòkò tuntun, òróró wá sí 120 mílílítà, a sì gé kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti ẹ̀wà tútù sí i, tí gbogbo rẹ̀ tó 700 gíráàmù. Ó wọn kílò 4.3, gíráàmù kan sì bọ́ sí 1.2. Abọ́ kan náà, ikùn yó bákan náà, àmọ́ bíi kálórì 80 ti dín nínú 160 gíráàmù. Àwọn ọmọ kò sọ nǹkan kan. Màmá ló sọ̀rọ̀: "Ìrẹsì tí kò ní epo, ṣé ti aláìsàn ni?" Ó fi ata àti àlùbọ́sà díndín ṣe é lọ́jọ́ kejì, ohun tó dùn sì tún dùn sí i.

Ó wá ku ìgbakọ búlúù. Ìwádìí kan wà tí Barbara Rolls àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2000: wọ́n fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti ọdún márùn-ún ní oúnjẹ kékeré, àárín àti ńlá. Ti ọlọ́dún mẹ́ta kò yí padà. Ohun tó tó o ló jẹ. Ọlọ́dún márùn-ún ń jẹ sí i bí abọ́ ṣe ń tóbi sí i. Nígbà tí wọ́n tún wò ó ní 2003, ọmọ tí wọ́n bu oúnjẹ ńlá fún jẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jẹ́ kó bù ú fúnra rẹ̀, ó bù ú níwọ̀n. Èyí bá ohun tí mò ń rí mu. Àwa ni à ń kọ́ ọmọ láti fojú jẹun, pẹ̀lú "jẹ ẹ́ tán" tí à ń pariwo lé e lórí.

Torí náà, ọlọ́dún mẹ́ta sókè ló ń bu oúnjẹ tirẹ̀ báyìí. Ìgbakọ kan gba bíi 80 gíráàmù ìrẹsì. Ó lè bu méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè padà wá bó bá jẹ ẹ́ tán tí kò yó. Àríyànjiyàn wà lórí èyí. Màmá ní, "Ọmọ tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù, kí ni ẹ máa sọ fún ìyá ẹ̀?" Ó dà bíi pé ìdáhùn tó wà ni pé kí ohun tó bù kéré débi pé kò ní sí ohun tó máa ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ rọ̀, nǹkan tí à ń dà nù kò tó ti tẹ́lẹ̀, Màmá sì ni ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ka sí i.

Èso ló ń ṣáájú oúnjẹ: ìbẹ́pẹ, ọsàn tàbí bàrà olómi, èyí tó bá wà lọ́jà. Gíráàmù kan nínú wọn kò tó ìdajì kálórì, ó sì ń gba àyè nínú ikùn.

Ìpápánu láti ilé ṣì jẹ́ ìjà. Bisikíìtì máa ń ní bíi kálórì 4.5 sí 5 nínú gíráàmù kan, pọ́fùpọ́fù ju mẹ́ta lọ. Pọ́fùpọ́fù tó wọn 35 gíráàmù, tí ọmọ máa gbé mì ní ìgbà tí ẹ bá fi ṣẹ́jú, ju ìgbakọ ìrẹsì kan lọ. A ò lè fi òfin mú ìyá tó ti ń sáré lọ sọ́jà láti aago mẹ́fà. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò nìkan la kọ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tí ìlànà yìí kò bá mu

Ìyàtọ̀ kan wà tí mo ní kí wọ́n kọ sára ògiri ilé ìdáná. Ọmọ tó bá rù, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn láti inú ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru, kì í jẹ ìrẹsì tí epo rẹ̀ dín, bó tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin. Tirẹ̀ gba epo, ẹ̀pà àti ẹyin, nígbà púpọ̀ lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. A ní tépù aláwọ̀ tí wọ́n fi ń wọn òkè apá ọmọ láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún. Bó bá wà lábẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5, a ó pe ìyá rẹ̀. Bó bá wà lábẹ́ 11.5, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Oúnjẹ nìkan kọ́ ni ó ń tọ́jú irú ìyẹn.

Ohun tó kù

Òjò ti ń pọ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo tó hù kò sì gbẹ bó ṣe yẹ. Èyí tí a ṣe kẹ́yìn yọ olú, a dà á nù. A fẹ́ gbìyànjú páànù kan tí a máa gbé sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, kì í ṣe orí rẹ̀, kí ooru má baà pa ohun tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é. Agolo mọ́ínmọ́ín ló kàn láti wọ̀n. Àwọn tí à ń lò kò dọ́gba, Màmá sì ti ṣa àwọn tó tóbi jù sọ́tọ̀, ó ní ti àwọn àǹtí ni ìyẹn.